Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Wo Igbó Páìnì Albany, Kó sì Bá Wọn Tún Un Ṣe

Iná ló ń tọ́ igbó yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣíwájú, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò dé Albany Pine Bush, yóò rí igi tí èèpo rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, yóò rí iyanrìn àti koríko gátagàta, yóò sì rò pé wọ́n pa ibẹ̀ tì ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Màámi ló là mí lójú. Wọ́n wá kí wa láti Ṣakí, a gba ẹ̀gbẹ́ ibì kan kọjá tí iná ti jó ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, tí ewé tútù ti ń yọ láàárín eérú. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Àwọn wọ̀nyí náà mọ pápá í sun.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé apá ibo ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n sun ún. Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó náà máa ń bi ara wọn kí wọ́n tó ṣáná.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń lọ bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé ìpínlẹ̀ New York mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ lọ wò ó. Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ ti ọwọ́ bọ iṣẹ́ náà, torí igbó yìí kò lè dá dúró mọ́ láìsí ọwọ́ ènìyàn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń lọ wò

Àárín Albany àti Schenectady ni igbó náà wà. Ní ohun tó lé ní 10,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín tó nípọn bí òkè ló bo gbogbo agbègbè yìí. Nígbà tó yọ́, omi rẹ̀ di adágún ńlá kan. Odò ń gbé iyanrìn wọ inú adágún náà, adágún gbẹ, afẹ́fẹ́ sì kó iyanrìn jọ ní òkìtì òkìtì. Àwọn òkìtì yẹn lẹ óò máa gùn tí ẹ óò máa sọ̀ nígbà tí ẹ bá ń rìn.

Iyanrìn kì í gba omi dúró. Òjò á rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ á ti gbẹ lọ́sàn-án. Ohun tó lè fara da ọ̀dá àti iná nìkan ló ń rójú gbé ibẹ̀. Páìnì tí wọ́n ń pè ní pitch pine ló gba iwájú. Ẹ wo ewé rẹ̀ dáadáa: ó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, mẹ́ta mẹ́ta ló sì máa ń so pọ̀. Èèpo rẹ̀ nípọn, iná á jó o lára, kò ní dé inú. Bí iná bá tiẹ̀ jó gbogbo ewé orí rẹ̀, ọ̀mùnú tuntun á yọ láti ara ìtì igi fúnra rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn máa ń so èso líle tí oje ti lẹ̀ pa, àfi kí ooru iná yọ́ oje náà kí èso tó ṣí, kí hóró tó bọ́ sílẹ̀. Abẹ́ wọn ni óákù kúkúrú kan wà, scrub oak. Iná á jó o délẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á tún hù.

Ẹni tó dàgbà ní Òkè Ògùn ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ẹ ti rí igi emi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ẹ ti rí igi irúgbá, tí pápá ń jó lábẹ́ wọn lásìkò ọyẹ́, tí wọ́n sì tún ń so lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èèpo wọn nípọn fún ìdí kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí igbó kìjikìji Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú. Igi ibẹ̀ kò bá iná dàgbà. Bí iná bá wọ oko kòkó, àdánù ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi Albany ṣe àwáwí.

Ohun tó mú kí gbogbo ayé máa sọ̀rọ̀ igbó yìí ni labalábá kan tí fífẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì kan lọ. Karner blue ni wọ́n ń pè é, abúlé Karner tó wà nínú igbó náà nígbà kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Vladimir Nabokov, òǹkọ̀wé ọmọ Rọ́ṣíà tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa labalábá, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní àwọn ọdún 1940. Nígbà tí labalábá yìí ṣì jẹ́ kòkòrò ajẹwé, kò sí ohun tó ń jẹ láyé yìí ju ewé òdòdó kan ṣoṣo lọ, ìyẹn lúpìnì. Lúpìnì kì í gbé ibòji. Nígbà tí ilé, ọ̀nà márosẹ̀ àti ilé ìtajà dé, tí wọ́n ń pa gbogbo iná tó bá ràn, igi mìíràn rí àyè ga, ibòji bolẹ̀, lúpìnì kú, labalábá sì tẹ̀ lé e. Igbó tó tó nǹkan bí 25,000 éékà láyé àtijọ́ ni wọ́n kọ́lé lé lórí títí ó fi ku èyí tó lé díẹ̀ ní 3,000 éékà tí òfin ń dáàbò bò lónìí. Ọ̀nà márosẹ̀ I-90 gba àárín rẹ̀ kọjá, ààtàn ìlú wà nínú rẹ̀, ilé ìtajà ńlá kan sì wà ní etí rẹ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá dúró lórí òkìtì tí mò ń gbọ́ ariwo ọkọ̀.

Ní 1988 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ New York dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀, Albany Pine Bush Preserve Commission. Láti 1991 ni wọ́n ti ń fi iná àmọ̀ọ́mọ̀dá tún un ṣe. Ní 1992 ni ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ labalábá náà mọ́ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun. Wọ́n ní tí ó bá tó 3,000 ní agbègbè kan, tí kò sì já wálẹ̀, ó ti ń bọ̀ sípò níbẹ̀ nìyẹn. Albany ti kọjá iye yẹn. Wọ́n gé igi tó ń ṣíji bolẹ̀, wọ́n dáná, wọ́n gbin lúpìnì, wọ́n tún gba ìrànlọ́wọ́ àwọn ará New Hampshire tó ń sin labalábá náà nínú ilé kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ sínú igbó.

Ẹ yan ọjọ́ yín

Lúpìnì máa ń tanná láti àárín oṣù Karùn-ún wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Labalábá náà máa ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àkọ́kọ́ láti ìparí oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà, ìkejì láti àárín oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ. Bí ẹ bá bi mí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹfà ni kí ẹ mú. Ẹ ó rí òdòdó àti labalábá pa pọ̀. Kí ẹ jẹ́ kí oòrùn ràn díẹ̀ kí ẹ tó wọ igbó, torí labalábá kì í fẹ́ fò nígbà tí òtútù bá mú tàbí tí ojú ọjọ́ bá ṣú.

Láti oṣù Kẹwàá lọ, àwọn ọdẹ ní àṣẹ láti ṣọdẹ àgbọ̀nrín ní apá kan igbó náà. Ẹ wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó hàn ketekete tí ẹ bá fẹ́ rìn nígbà yẹn.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìrìn pẹ̀lú amọ̀nà

Ibi tí gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀ ni Discovery Center ní 195 New Karner Road. Ilé ìfowópamọ́ ni ilé náà tẹ́lẹ̀, ní 2007 ni wọ́n ṣí i fún iṣẹ́ igbó. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Àwòrán, ẹranko àti ohun tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹ ó ti gba máàpù ọ̀nà ẹsẹ̀. Láti ìlú New York, ọkọ̀ ojú irin á gbé yín dé Albany-Rensselaer láàárín wákàtí méjì ààbọ̀ tàbí díẹ̀ lé. Láti ibẹ̀, ẹ gba takisí. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kó fi wákàtí mẹ́ta sọ́kàn.

Ẹnikẹ́ni lè dá rìn lọ́nà ẹsẹ̀ láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ bá amọ̀nà rìn. Ẹ wọ ìkànnì àjọ náà, ẹ wo ètò oṣù yẹn, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, torí àyè tètè máa ń kún lásìkò lúpìnì. Ẹ kà á dáadáa bóyá owó díẹ̀ wà lórí ètò tí ẹ yàn. Tí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́, bí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ má kàn dédé kó ènìyàn ogún dé. Ẹ kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sọ iye ọmọdé àti àgbàlagbà, kí ẹ sì sọ bí ẹnikẹ́ni bá wà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Iyanrìn rírìn kì í ṣe ohun tí à ń fojú di. Ó máa ń fa orúnkún.

Ìmúra: ẹ má fi ọ̀rọ̀ eégbọn ṣeré

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí. Eégbọn tó ń gbé nínú koríko ibẹ̀ lè kó àrùn Lyme ran ènìyàn. Kì í ṣe eégbọn ńlá tí à ń já lára ajá nílé o. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tó èso yànmọ̀tí. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ lọ, n kò yẹ ara ọmọ mi wò dáadáa. Ọjọ́ kejì tí mo ń wẹ̀ ẹ́ ni mo rí ọ̀kan lẹ́yìn orúnkún rẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, kò mú un ṣàìsàn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ìmúra wa ti yí padà.

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ kí ẹ lè tètè rí ohun dúdú tó bá ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Ẹ fín oògùn tó ń lé eégbọn. Permethrin aṣọ àti bàtà nìkan ni wọ́n ń fín in sí, kí ó sì gbẹ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, DEET ni ti ara. Tí ẹ bá délé, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, kí ooru rẹ̀ pọ̀. Ẹ wẹ̀, kí ẹ wo abíyá, ẹ̀yìn etí, ìdodo, ìtan, ẹ̀yìn orúnkún àti àárín irun. Ẹni tó di irun, kó fọwọ́ tẹ gbogbo ojú ìlà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ti mú ara, ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú níbi tó ti kan awọ gan-an, kí ẹ fà á tààrà. Ẹ má fi epo kùn ún, ẹ má fi iná sun ún. Tí ara bá gbóná tàbí tí awọ bá pọ́n ní róbótó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ pé eégbọn mú yín.

Ewéko kan tún wà tí ewé rẹ̀ ń hù mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, poison ivy. Ẹni tó mọ iṣẹ́ wèrèpè ti mọ èyí tí òun náà ń ṣe. Ẹ jìnnà sí i. Ẹ mú omi dání, ibòji kò pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń rìn

Ẹ sọ fún amọ̀nà pé kó mú yín dé ibi tí iná ti jó láìpẹ́ àti ibi tí kò tíì jó, kí ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí ẹ̀kọ́ tó ju ìyẹn lọ. Ní ibi àkọ́kọ́, oòrùn ń kan ilẹ̀, òdòdó wà, ẹyẹ ń ké. Ní ibi kejì, ewé gbígbẹ ti dì, igi ti há, ìmọ́lẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀.

Tí ẹ bá dé ìdí lúpìnì, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ewé rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí ewé tó ní ojú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bíi gíláàsì fèrèsé, ọmọ labalábá ló họ ẹran ewé náà jẹ tó fi awọ rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí èèrà tó pọ̀ lórí ewé, ẹ túbọ̀ wo ibẹ̀. Kòkòrò yẹn máa ń sun omi dídùn kan fún èèrà, èèrà náà sì ń lé ọ̀tá fún un. Akọ labalábá ló dúdú aró tó mọ́lẹ̀ lókè ìyẹ́. Abo máa ń ní àmì aláwọ̀ ọsàn ní etí ìyẹ́ rẹ̀.

Ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà, ì báà ṣe nítorí fọ́tò. Ẹyin tí labalábá yé ní ìgbà kejì kò ní pa títí ọdún tó ń bọ̀. Ìdí ewéko nílẹ̀ ló wà, abẹ́ yìnyín ló sì ti ń lo gbogbo ọ̀gìnnìtìn. Ẹsẹ̀ kan lásán tó bá yà lè tẹ̀ ẹ́ pa láìmọ̀. Ajá gbọ́dọ̀ wà lórí okùn. Ẹ má já òdòdó.

Kí ẹ tó padà, ẹ wa ọkọ̀ gba Rapp Road. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó kúrò ní Shubuta, ìpínlẹ̀ Mississippi, nígbà tí ìyà gúúsù pọ̀, ló tẹ̀dó síbẹ̀ láti àwọn ọdún 1930, lábẹ́ ìdarí Àlùfáà Louis Parson. Inú igbó páìnì ni wọ́n ti ra ilẹ̀ nítorí ó jọ ìgbèríko tí wọ́n ti wá, wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé, wọ́n dáko, wọ́n sì sin ẹran. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń gbé níbẹ̀. Ilé ènìyàn ni o, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́: ẹ wa ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹ kí ẹni tó bá kí yín.

Láti aláàbẹ̀wò di olùyọ̀ǹda

Ẹ kọ fọ́ọ̀mù olùyọ̀ǹda lórí ìkànnì wọn, ẹ bèèrè ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣèlérí ju agbára yín lọ. Ẹni tó bá wá ní ọjọ́ mẹ́rin péré lọ́dún, tó sì dé lásìkò, wúlò fún wọn ju ẹni tó ní òun á máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọn ò rí mọ́.

Iná dídá kì í ṣe iṣẹ́ wa. Àwọn tó ti gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ panápaná igbó ló ń ṣe é. Wọ́n á wo afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti ibi tí èéfín yóò gbà, torí bí èéfín bá bo I-90, ẹ̀mí lè lọ. Bí ẹ̀fúùfù bá yí, wọ́n á sún un síwájú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́. Ayùn ẹ̀rọ náà, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Igi black locust tó ń dí igbó náà lágídí. Bí ẹ bá gé e, gbòǹgbò rẹ̀ á rú ọ̀mùnú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Tiwa ni kíká èso àti títu èpò. Èpò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Garlic mustard ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ́, ewé rẹ̀ máa ń rùn bí ààyù tí ẹ bá fi ìka fọ́ ọ. Ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ ni kí ẹ tu ú, kí gbòǹgbò má bàa já. Ẹ dì í mú ní ìdí, kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ má jù ú sílẹ̀, nítorí èso rẹ̀ ṣì lè gbó lẹ́yìn tí ẹ ti tu ú. Fún spotted knapweed, ìbọ̀wọ́ pọndandan, oje rẹ̀ máa ń yún ara àwọn ènìyàn kan. Bí ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò bá dá yín lójú, ẹ pe olórí iṣẹ́ kí ẹ tó tu ú. Bí ẹ bá ṣèèṣì tu ọmọ lúpìnì lónìí, iṣẹ́ ọdún mélòó kan lẹ tu dànù.

Kíká èso lúpìnì ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, ní ìparí oṣù Kẹfà wọ oṣù Keje. Ìdílé ẹ̀wà ni lúpìnì, èèpo èso rẹ̀ sì jọ ti ẹ̀wà, ó ní irun wẹ́wẹ́ lára. Bó bá gbó tán, á là pàù, á fọ́n hóró rẹ̀ ká, ọwọ́ yín á sì ṣófo. Nítorí náà, nígbà tó bá ń kúrò ní àwọ̀ ewé, tó ń dúdú lọ, ni kí ẹ ká a. Olórí iṣẹ́ á sọ ìwọ̀nba tí ẹ lè mú ní ibì kan. Ìyókù jẹ́ ti igbó. Àpò pépà ni kí ẹ lò. Ọ̀rá ni mo lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí màá fi délé, ó ti làágùn, àwọn hóró kan sì bu. Ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá gbọ́ tí àpò pépà náà ń dún pàù pàù nínú ọkọ̀: èso ló ń là. “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè”: àwọn ọmọ mi ló ń ká àwọn tó wà nísàlẹ̀, èmi ń ká ti òkè. Ṣùgbọ́n ẹ kì wọ́n nílọ̀ gidigidi pé kí wọ́n má fi hóró náà sẹ́nu. Májèlé wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó jọ ẹ̀wà tó.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ gbọn bàtà yín, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ má bàa gbé hóró èpò láti ibì kan lọ sí òmíràn.

Bí wọ́n bá mú yín lọ gbin hóró, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú fóònù yín. Lúpìnì tí a fi hóró gbìn kì í sábà tanná ní ọdún àkọ́kọ́. Ọdún kejì tàbí ìkẹta ni. Ẹ padà lọ síbẹ̀ ní ọdún kẹta, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹfà, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ dúró lójú ọ̀nà, kí ẹ máa wo orí òdòdó.